Bí Bàbá Fáìlì Ṣe Kó Ìwé Kúrò ní Yàrá Ìsàlẹ̀

Ní oṣù kejì tí ó dé ẹnu iṣẹ́, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, Bàbá Fáìlì fi obìnrin kan tó ń mí sáàárín àwọn òkú. Kì í ṣe pé ó pa ènìyàn. Iléeṣẹ́ omi ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, pẹpẹ mẹ́ta sì ni ó wà níbẹ̀. Pẹpẹ àwọn tó wà láàyè ni ti àwọn tí omi ń yọ nílé wọn. Pẹpẹ àwọn tó ń sùn ni ti àwọn tó rìnrìn àjò, tí wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn pa ẹ̀rọ omi ná. Ẹ̀kẹta ni pẹpẹ àwọn òkú, tí ẹnikẹ́ni kì í wò mọ́. Obìnrin méjì jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan ti kú lóòótọ́. Fáìlì èyí tó wà láàyè ni Bàbá Fáìlì gbé, ó tì í sáàárín àwọn òkú, ó gbọn ọwọ́, ó lọ jẹun ọ̀sán.

Ìgbà méje ni obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì nítorí ẹ̀rọ omi rẹ̀ tó gbẹ. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n sọ fún un pé àwọn kò rí i nínú ìwé àwọn, ó sì padà sílé. Ní ìgbà keje, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò ní dìde àfi bí wọ́n bá fi òun han òun. Ọ̀gá Àgbà yàrá fáìlì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, ló wá fáìlì náà rí. Kò bú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Lọ sọ fún ìyá yẹn pé ó ti jíǹde."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Fáìlì kò ju ìwé tirẹ̀ kankan nù mọ́.

Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. Àwọn kan á ní ahun ni, àwọn mìíràn á ní ọ̀bùn ni. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì. Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ tó ń wọ̀ sùn kì í ṣe ọ̀bùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹnì kan lè wá lọ́la, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó bèèrè ohun kan, kí òun má sì rí i fún un.

Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ilé rẹ̀ ti di yàrá fáìlì kejì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni: pálọ̀, ilé ìdáná àti yàrá kan nísàlẹ̀, yàrá méjì lókè, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún láàárín wọn. Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, tó yẹ kó jẹ́ ti àlejò, ni ìwé gbà. Àpò mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé ogún ni. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́, mọ́kànlá ni, pẹ̀lú tábìlì kan tí ìwé ti bò mọ́lẹ̀ débi pé àwọn ará ilé ti gbàgbé àwọ̀ rẹ̀. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní wà níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọdún mọ́kàndínlógún wà níbẹ̀. Ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo rédíò kan wà níbẹ̀, rédíò tó ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ kejì. Ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó àwọn tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ náà kò gbẹ́yìn.

Ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Aránṣọ. Igun pálọ̀ ni ó gbé máṣíìnì rẹ̀ sí nítorí pé kò ráyè ní yàrá yẹn. Kì í bá ọkọ rẹ̀ jà sí i. Bí àlejò bá bèèrè ibi tí òun yóò sùn, á ní, "Ẹ lọ bẹ ìwé wò, bóyá ó lè sún díẹ̀ fún un yín."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí Màmá Aránṣọ ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kẹsàn-án, orúnkún ló sì fi balẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ kejì, ó sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé yí: yóò lo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sí i nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn kankan fún oṣù mẹ́fà.

Àkọ́bí wọn, obìnrin apoògùn tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí márùn-ún, ló kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wọn ń rò.

"Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń bọ̀."

"Ilé rẹ̀ ńkọ́?" Bàbá Fáìlì bèèrè.

"Ilé wo, Bàbá? Òkè ni bẹ́ẹ̀dì wà. Ìsàlẹ̀ ni ìwé wà."

"A lè kó ìwé lọ sókè."

"Pákó ni ilẹ̀ òkè. Ẹ rántí ohun tí káfíńtà sọ lọ́dún tó kọjá. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìwé bá Màámi nísàlẹ̀ láàárín òru ni?"

 Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Fáìlì fi ń rí fáìlì tó jáde kúrò ní yàrá "fún ìgbà díẹ̀". Á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀gá kan, á ti ibẹ̀ bọ́ sórí tábìlì ẹlòmíràn, ìgbà tí wọ́n bá fi rántí rẹ̀, ojúkò rẹ̀ lórí pẹpẹ á ti dí. Ó mọ̀ pé oṣù mẹ́fà lè di ọdún kan, kí ọdún kan sì di bí ayé ṣe rí.

"Fún mi ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn," ó ní. "Bí yàrá bá ṣófo, ó ń bọ̀ wá sílé. Bí kò bá ṣófo, kó máa bá ọ lọ."

Ọmọ náà wò ó. Kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó gbà fún un. Kí ó tó padà sí ìlú rẹ̀, ó fún un ní fóònù kan tí kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì jókòó kọ́ ọ.

"Ẹ tẹ́ ìwé sẹ́bàá fèrèsé, kí òjìji yín má bò ó. Ẹ tẹ ibí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ kọ orúkọ yẹn padà, á jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ kan á tún wà níta, tó fi jẹ́ pé bí fóònù bá já sómi, a ṣì lè rí i."

"Níta níbo?"

"Nínú ẹ̀rọ ńlá kan báyìí, Bàbá. Àwọn kan wà tó ń ṣọ́ ọ."

"Ta ni akọ̀wé ibẹ̀?"

 Apoògùn ní kí bàbá òun ṣáà máa tẹ ibi tí òun ní kó tẹ̀.

Kò sí àní-àní pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi rúlà gbá etí ìwé kọ̀ọ̀kan dọ́gba kó tó yà á. Bí àwòrán bá wọ́ díẹ̀, á pa á rẹ́, á tún un yà. Ibi tó ti wá ṣì í ni pé kò lè gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Dípò kó fún àwòrán ní orúkọ, nọ́ńbà ló ń fún un: Ilé, àpò kìíní, ìwé kẹrin. Kí nọ́ńbà wá lè ní ìtumọ̀, ó ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun ẹlẹ́yìn líle, ó ń kọ nọ́ńbà, ọjọ́, àti ohun tó wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹrin, ìwé àkọsílẹ̀ náà kún. Ó ra èkejì.

Aṣebàtà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Fáìlì. Mo gbọ́ pé ẹ ti fẹ́ jáwọ́ nínú ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwé wo wá ni ẹ ń kọ yẹn?"

"Ìwé àwòrán ìwé ni."

Aṣebàtà na ọrùn wo ìwé àkọsílẹ̀ náà. "Bí òun náà bá kún ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ó yà á ní fọ́tò ni?"

Ohun tí Bàbá Fáìlì ní lọ́kàn láti ṣe gan-an nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó bèèrè iye àpò tó ti parí. Ọ̀kan ni. Apoògùn kò pariwo. Ó kàn ṣírò rẹ̀ sí i létí: àpò mẹ́wàá ló kù, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, àádọ́ta ọjọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá sì ló kù kí wọ́n dá Màámi sílẹ̀. "Bàbá, mo ti ń tún yàrá ṣe lọ́dọ̀ mi o. Ẹ má bínú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà, ó lọ wo ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kẹta lẹ́bàá fèrèsé ni ó wà, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù nọ́ọ̀sì kan. Bàbá Fáìlì jókòó, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìṣirò ọmọ wọn.

"Bàbá wọn," Màmá Aránṣọ ní, "ní ọ́fíìsì yín nígbà yẹn, ṣé ẹ̀yin náà kì í da nǹkan nù ni?"

"A máa ń dà á nù. Lọ́dọọdún ni. Ọ̀gá Àgbà á gbé fáìlì kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ àwọn òkú sókè, á bèèrè pé, 'Ta ni yóò wá bèèrè rẹ̀?'"

"Bí ẹ kò bá rí ẹni dárúkọ ńkọ́?"

"Ó ń jáde nìyẹn."

"Ọdún mélòó lẹ fi ṣe é?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Màmá Aránṣọ já òwú. "Nílé ńkọ́?"

Bàbá Fáìlì ń wo orúnkún tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. 

"Mo fẹ́ràn ọmọ mi," ìyàwó rẹ̀ ní, "ṣùgbọ́n ilé rẹ̀, ilé rẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ máa bèèrè ibi tí iyọ̀ wà fún oṣù mẹ́fà bí àlejò. Ilé mi ni mo fẹ́ wà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, Bàbá Fáìlì kó ìwé àkọsílẹ̀ méjèèjì jù sí igun yàrá. Ó fa àga kan sáàárín àpò, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì àtijọ́ kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀gá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ìwé rédíò: ta ni yóò wá bèèrè rẹ̀? Rédíò fúnra rẹ̀ kò lè bèèrè mọ́. Ó jáde. Ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó: ọkọ kò ní bèèrè, ìyàwó gan-an á fà á ya. Ó jáde. Kàlẹ́ńdà mọ́kàndínlógún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún ò kúkú ní í padà wá. Ìwé ilé, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ẹ̀rí wọn, àwọn tó ní òǹtẹ̀ tí àwòrán kò lè dúró fún, ó yà wọ́n, ó sì kó wọn jọ sínú báàgì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Ó dé orí ìdánwò àkọ́bí rẹ̀ nínú ìṣirò ní kíláàsì kẹrin: mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.  Ó yà á dáadáa, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ pé, "Ìṣirò apoògùn, fún ọjọ́ tó bá tún bá mi ṣírò."

Ìyàtọ̀ kejì nìyẹn. Kò fún àwòrán ní nọ́ńbà mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá rò pé ẹni tó bá wá yóò fi bèèrè ni ó ń kọ.

Láàárín ọjọ́ méjì, ó parí àpò mẹ́ta mìíràn. Ọkùnrin kan tó ń fi ìwé àtijọ́ ṣe páálí tí wọ́n ń to ẹyin sí gbé ọmọlanke wá, ó kó wọn lọ. Bàbá Fáìlì rí igun ilẹ̀ yàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìwé kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti inú àpò karùn-ún, ó sì dojú bolẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣófo. Apá ẹ̀wù kan ni wọ́n fi pẹ́ńsù yà síbẹ̀, ọrùn ẹ̀wù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ní ìkọ̀wé tó mọ̀ dájú. Ó yí ìwé mìíràn padà. Ṣòkòtò ọmọdé ni wọ́n yà sẹ́yìn tirẹ̀. Ó yí òmíràn, ó yí òmíràn. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í bá a jà, ti ń wọ yàrá náà jẹ́jẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Bí oníbàárà bá dé tí kò sì sí ìwé nítòsí, á fa ọ̀kan yọ, á ya àwòrán aṣọ náà sẹ́yìn rẹ̀, á rán an, á sì dá ìwé padà síbi tó ti mú un. Ìyá náà mọ̀ pé ọkọ òun fẹ́ kí nǹkan wà ní ipò rẹ̀.

Bàbá Fáìlì ronú kan àpò mẹ́ta tó ti lọ. Òun, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn akọ̀wé kéékèèké pé kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn ìwé, kò yí ẹyọ kan padà.

Ó wọ bàtà, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí ẹyin. Ọkùnrin ọlọ́mọlanke mú un lọ sídìí kòtò onísìmẹ́ńtì kan. Ohun tó wà nínú omi náà ti rọ̀ bí amọ̀.

"Ṣé nǹkan kan ṣubú sínú rẹ̀ ni, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Mi ò wò ó."

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹyin á ti jókòó lé e."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọjọ́ méje ló kù, àpò méje ló sì kù. Ó padà sílé, ó tún jókòó, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ojú àti ẹ̀yìn ló ń wò. Bí ojú ìwé bá ti kú tí ẹ̀yìn sì wà láàyè, ẹ̀yìn ló ń yà. Ó ń jí kí oòrùn tó yọ, ó ń dúró nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò lójú fèrèsé. Aṣebàtà ń bá a di ẹnu àpò, ó sì ní kí Bàbá fi ìdérí páálí kan ta òun lọ́rẹ, òun fẹ́ fi gé àtẹ́lẹsẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, apoògùn dé. Kò kí ilé púpọ̀. Ó gbé ohun tó rà wá kalẹ̀: ọ̀pá ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí dókítà ní kí ìyá rẹ̀ máa fi rìn. Bẹ́ẹ̀dì ti wà nísàlẹ̀, aṣebàtà àti káfíńtà ló gbé e wá lówùúrọ̀. Apoògùn di ọ̀pá náà mú bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ sí fèrèsé. Níbẹ̀ ló ti gbìyànjú láti yí padà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pá kọ lu nǹkan nígun.

"Kí ni eléyìí?"

"Ìwé àkọsílẹ̀ méjì yẹn ni," Bàbá Fáìlì ní.

"Àwọn ìwé àwòrán ìwé?"

"Àwọn ni."

 Bàbá Fáìlì wo àwọn ìwé náà, bírò aláwọ̀ méjì, ọjọ́ márùn-ún nínú ayé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn, ó gbé wọn jáde síbi tí ọlọ́mọlanke yóò ti rí wọn. Ìgbà tó padà wọlé, ọmọ rẹ̀ ti yí ọ̀pá náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó yí," apoògùn ní. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe ilé ìwòsàn pé ilé ni ìyá òun ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Aránṣọ wọ yàrá náà lórí ẹsẹ̀ mẹ́fà, mẹ́rin ti ọ̀pá, méjì tirẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo tábìlì. "Àṣé àwọ̀ ewé ni," ó ní.

Bàbá Fáìlì dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú Ọ̀gá Àgbà. "Ìyá wọn, mo ṣe àṣìṣe kan. Àpò mẹ́ta ló lọ tí mi ò wo ẹ̀yìn wọn. Ohun tí o yà síbẹ̀ ti bá a lọ. Mo tún ti fi alààyè sáàárín òkú."

Ìyàwó rẹ̀ na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún díẹ̀díẹ̀ kó tó fèsì. "Aṣọ tí mo ti rán tán ni gbogbo ìyẹn. Wọ́n ti wọ̀ ọ́. Òmíràn ti gbó, wọ́n ti fi ń nulẹ̀. Ta ni yóò wá bèèrè rẹ̀?"

Bàbá Fáìlì gbé ọ̀pá ìrìn kúrò lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ náà.

"Ọ̀kan ló wà tí èmi fúnra mi lè bèèrè," Màmá Aránṣọ ní. "Ṣòkòtò tí mo rán fún un yín nígbà tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi gbà yín."

Bàbá Fáìlì yọ fóònù. Ìka rẹ̀ kò yára. Ó kọ "ṣòkòtò iṣẹ́" síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé kan jáde, pẹ́ńsù rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ó gbé e fún un.

"Ìbàdí, ínǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," Màmá Aránṣọ kà á sókè. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fa téèpù yọ nínú báàgì rẹ̀. "Ẹ sún mọ́ mi, Bàbá wọn."

Ó wọ̀n ọ́n. Méjìdínlógójì.

"Ẹ kọ ọ́ sí i," ó ní.

"Níbo? Àwòrán ni. Mi ò lè kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ akọ̀wé." Láti ilé ìdáná, wọ́n gbọ́ tí apoògùn ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá lẹ́yìn náà. Máṣíìnì wà lójú fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí àpò karùn-ún ti wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Fáìlì kò di ẹlòmíràn: páálí tí wọ́n gbé fóònù náà sí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì gbà kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ilé ìwòsàn ló wà, lórí bẹ́ǹṣì kẹta níta yàrá dókítà orúnkún, ó ń dúró de ìyàwó rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, káàdì ìwòsàn ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú fóònù náà, ojú àti ẹ̀yìn.